Rachel Heck gba NCAA lọ́dún àkọ́kọ́ ẹ̀, kí ló dé tí kò di pro?

Bàbá_Gọ́ọ̀fù_Ìkẹjà:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn nípa gọ́ọ̀fù àwọn obìnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, mo sì mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tó ń wò ó dáadáa. Ṣé ẹ rántí Rachel Heck, ọmọ Memphis tó lọ sí Stanford? Kòrónà ti jẹ ìdajì sáà àkọ́kọ́ ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ni wọ́n tó lè jáde lọ gbá, síbẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ yẹn ó gba ife 6, ó gba ti Pac-12 (ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì apá ìwọ̀ oòrùn tí Stanford wà nínú ẹ̀ nígbà náà), ó gba ti regional (ìdíje agbègbè tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa lọ sí ti àṣekágbá), ó wá lọ gba ti NCAA (àjọ eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà) gan-an ní pápá Grayhawk ní Arizona, obìnrin Stanford kankan ò gbà á rí kó tó kàn án. ANNIKA Award ọdún yẹn náà, àmì ẹ̀yẹ obìnrin tó gbá gọ́ọ̀fù dáa jù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ni. Lójú tèmi, ọdún kejì ò ní pé tí yóò fi wà ní LPGA, ìdíje àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ owó. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ní 2024 pé ó parí ilé ẹ̀kọ́, kò di pro (kò fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ owó), ó wọṣẹ́ ológun òfuurufú. Ẹ jọ̀ọ́ kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin yẹn? Ṣé ìnjúrì ló bà á jẹ́ ni àbí òun fúnra ẹ̀ ló ní ó tó? Mo ní ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 tó ń gbá, ìyá ẹ̀ sì ti ń bi mí lójoojúmọ́ pé níbo la ń bá eléyìí lọ.

Ìyá_Ìbejì_Dallas:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Sáà kejì ni Rose Zhang dé Stanford, ọmọ tó ti gba U.S. Women's Amateur (ìdíje ńlá àwọn obìnrin tí kò tíì di pro) ní 2020, ẹni tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ lọ́dún tó kọjá wá bá ara ẹ̀ nípò kejì nínú tíìmù ara ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló lè gba ìyẹn mọ́ra o. Àmọ́ inú tíìmù yẹn ò dàrú, ní 2022 wọ́n na Oregon 3-2 wọ́n gba ife tíìmù, Zhang gba ti ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Sáà kẹta ni wàhálà dé. Thoracic outlet syndrome ni wọ́n pe nǹkan tó ṣe é, ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìmọ̀lára lọ sí apá ló máa ń há láàárín egungun ìhà tó ga jù àti egungun iwájú èjìká, apá á máa kú, ọwọ́ á máa ro èèyàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé apá yẹn náà lẹ máa gbé sókè àìmọye ìgbà lójúmọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbá gọ́ọ̀fù. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní 2023, wọ́n yọ egungun ìhà kan kúrò lára ẹ̀. Egungun o! Mo ka ìyẹn mo ní háà, ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Gidi:
Gbogbo ohun tí màámi sọ yẹn òótọ́ ni, mo sì bá a kẹ́dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tinú mi. Ẹ̀bùn báyìí kì í pọ̀. Ẹ wo Zhang náà, sáà méjì péré ló lò, ìdíje 20 ló gbá ó gba 12 níbẹ̀, ó gba NCAA lẹ́ẹ̀mejì tí obìnrin kankan ò ṣe rí, ó di pro, ìdíje àkọ́kọ́ tó gbá bíi pro, Mizuho Americas Open ní Liberty National ní June 2023, ó gbà á. Látìgbà Beverly Hanson ní 1951 wọn ò rí irú ẹ̀ mọ́ ní LPGA. Ó sì tún padà sí kíláàsì ní Stanford lẹ́yìn ẹ̀. Heck náà ì bá gbìyànjú ẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, iṣẹ́ ológun ò ní sá lọ. Ó dùn mí ni.

Adé_Caddie:
Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbá, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ ń wo sáà àkọ́kọ́ nìkan lẹ fi ń dá mẹ́ta tó kù lẹ́jọ́. Ọmọ yẹn ti ń ṣe ROTC (ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ yunifásítì láti di ọ̀gá ológun) nígbà tó ṣì ń gbá gọ́ọ̀fù lọ́wọ́, ti Air Force (ológun òfuurufú) ò sì sí ní Stanford, San José State ni wọ́n ti ń ṣe é, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí yóò ti jáde nílé tí yóò tún padà wá bá kíláàsì àti tíìmù. Kí sáà tó parí ní 2024 ló ti kọ ọ́ síta fúnra ẹ̀ pé òun ò ní di pro. Ẹni tó ti rò ó débẹ̀ ò sá fún nǹkan kan.

Bàbá Ìkẹjà, nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi han ọmọ yín gan-an ni final tíìmù NCAA 2024 ní pápá La Costa ní California. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: tíìmù kan á kó èèyàn 5 jáde, ojoojúmọ́ ni wọ́n á ka máàkì èèyàn 4 tó dáa jù, tíìmù 8 tó bá ṣáájú á wá kojú ara wọn, ọ̀kan sí ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní match play, match 5, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí 3 ló ni ín. Ẹ rántí pé 2021 tí Heck fi gba ti ẹnìkọ̀ọ̀kan yẹn, wọ́n já Stanford kúrò ní match play, Ole Miss ló gbé ife lọ. Ní 2024 wọ́n bá UCLA pàdé, 3-2 ló parí sí, Heck ló sì gba point kẹta tó fi ife sọ́wọ́ wọn, match tó gbá kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn. Ọmọ tó ṣiṣẹ́ abẹ ní 2023! Èmi tí mo ti ru àpò gọ́ọ̀fù fáwọn èèyàn ńláńlá, mi ò tíì rí ohun tó wú mi lórí tó yẹn, mo fò sókè nínú pálọ̀. Èyí ju ife 6 yẹn lọ lójú tèmi, torí 2021 ara ẹ̀ le koko, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. 2024 ó ti mọ̀ pé kò sí owó kankan tó ń dúró de òun níwájú, síbẹ̀ ó gbá a fún àwọn ọmọ tíìmù ẹ̀ àti kóòṣì Anne Walker.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Gidi:
Ó dáa, ti 2024 yẹn mi ò lè bá yín jiyàn. Ó ṣì ń dùn mí ṣá.

Bàbá_Gọ́ọ̀fù_Ìkẹjà:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bùkún yín. Mi ò mọ̀ rárá pé òun ló gba point yẹn. A máa wò ó pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ìyá ẹ̀ àti òun. Ìbéèrè kan ló kù, ìgbà wo ni àwọn kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ sọ̀rọ̀?

Ìyá_Ìbejì_Dallas:
Fún Division I (ìpele tó ga jù nínú eré kọ́lẹ́ẹ̀jì), June 15 lẹ́yìn tó bá ti parí grade 10 sà, bíi SS1 tiyín nìyẹn. Kó tó dìgbà yẹn òun lè kọ ímeèlì sí wọn, máàkì ẹ̀ àti fídíò bó ṣe ń gbá, àmọ́ wọn ò ní lè jókòó bá a sọ ọ̀rọ̀ pé àwọn fẹ́ mú un, nítorí náà tí wọn ò bá dáhùn kẹ́ ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́. Kó tún máa gbá nínú ìdíje tí wọ́n ti ń kọ máàkì sílẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Kẹ́ ẹ sì bi kóòṣì tó bá pè yín pé bí ọmọ bá ṣèṣe kí ni wọ́n máa ń ṣe sí ìwé ọ̀fẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ gbà á ní àkọsílẹ̀.