Ṣé àgbàlagbà máa ń gbà lóòótọ́ pé onídán lágbára?

Ọwọ́yára:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó ń pidán wà láàárín wa, àwọn tó kàn fẹ́ràn àtimáa wò ó náà wà.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń pidán. Káàdì àti owó ẹyọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá mo wá ń ṣe irú èyí tó máa ń dà bíi pé onídán ń ka ohun tó wà lọ́kàn èèyàn. Níbi àpèjẹ kan tí wọ́n pè mí sí, mo ní kí màmá kan kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù sórí bébà kékeré kan, kí wọ́n ká a, kí wọ́n fi í sínú ápòòwé, kí wọ́n dì í mú dáadáa. Mo wojú wọn fún ìgbà díẹ̀, mo ní ẹni yìí ò sí nítòsí yín, mo wá dárúkọ náà. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n pariwo, eré parí, mo ń kó ẹrù mi.

Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, màmá yìí ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi. Bébà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti rún un títí ó fi rọ̀ bí aṣọ. Wọ́n ní orúkọ ọmọ àwọn ni, ó rìnrìn àjò, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà tí àwọn ti gbúròó ẹ̀ mọ, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ bá àwọn wò ó, ṣé ó ṣì wà láàyè. Mo sọ fún wọn pé mi ò lágbára kankan, ọgbọ́n lásán ni, ọwọ́ tó yá ni. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ó yé mi, ọmọ mi, ìwọ náà ò lè sọ ọ́ síta."

Ẹ ẹ̀ rí i, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n sùn. Ènìyàn tó lajú ni màmá yẹn, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n kàwé dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé àgbàlagbà mọ̀ pé eré ni, pé àdéhùn kan wà láàárín èmi àtàwọn. Ṣé àdéhùn yẹn wà lóòótọ́ àbí èmi nìkan ni mo tọwọ́ bọ̀ ọ́?

Ojú Lalákàn:
Ọwọ́yára, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan dà ẹ́ lọ́kàn rú. Èmi ò pidán, òǹwòran ni mí, mi ò sì rí ọjọ́ kan tí mo rò pé ẹyẹlé tó jáde látinú fìlà wá látọ̀run. A mọ̀ pé ẹ̀tàn ni, a sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà mọ̀ pé a mọ̀. Ohun tó ń dùn mọ́ wa níbẹ̀ ni pé ọpọlọ ń sọ pé kò lè ṣeé ṣe, ojú sì ń rí i. Ìdí nìyẹn tí idán kì í fi í fi bẹ́ẹ̀ ya ọmọdé kékeré lẹ́nu bíi ti àgbàlagbà, torí kò tíì mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ àti èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ tó àgbà. Àgbàlagbà ló lè gbádùn idán jù, torí ó mọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Tó bá gbà á gbọ́, ìgbádùn yẹn tán nìyẹn. Ẹni tó bá gbà lóòótọ́ pé wọ́n fi ayùn rẹ́ èèyàn sí méjì, ṣé ó máa jókòó kó máa pàtẹ́wọ́ ni? Ọlọ́pàá ló máa pè.

Ìwé Àtijọ́:
Ẹ̀gbọ́n Ojú Lalákàn, wọ́n kúkú pè é! Lọ́dún 1956, P. C. Sorcar, onídán ọmọ Íńdíà, pidán lórí ètò Panorama ti BBC. Ó tẹ́ ọmọbìnrin kan sórí tábìlì, ó fi ayùn oníná la ìbàdí ẹ̀ kọjá, ó wá ń pa ọmọ náà lọ́wọ́, ó ń pè é, kò dáhùn. Ó mirí, ó fi aṣọ dúdú bò ó lójú. Ibẹ̀ ni olóòtú ètò ti bọ́ síwájú kámẹ́rà, ó ní ó dàárọ̀ o, ètò ti parí. Kíá ni fóònù BBC kún fọ́fọ́, àwọn àgbàlagbà tó jókòó sílé ara wọn ń bèèrè bóyá wọ́n ti pa ọmọ ọlọ́mọ níṣojú àwọn. Kò sóhun tó ṣe ọmọ náà o.

Ẹ tún wá gbọ́ ti Houdini, ẹni tí kò sí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n kó sí i lọ́wọ́ tí kì í bọ́. Arthur Conan Doyle, òǹkọ̀wé tó dá Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé ìtàn, sílẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Dókítà ìṣègùn ni Doyle, kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì, síbẹ̀ ó gbà tọkàntọkàn pé Houdini máa ń sọ ara ẹ̀ di afẹ́fẹ́ láti jáde nínú àpótí. Houdini ní irọ́ ni, ọgbọ́n ni òun ń dá, Doyle ní ńṣe ló ń fi í pa mọ́. Ó bá ohun tí màmá tí Ọwọ́yára sọ̀rọ̀ wọn sọ mu, àbí kò bá a mu?

Lọ́dún 1922 ní Atlantic City, ìyàwó Doyle jókòó, ó ní ẹ̀mí màmá Houdini tó ti kú ń gba ọwọ́ òun kọ̀wé. Ó kọ ọ́ lójú ewé lọ́pọ̀lọpọ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ya àgbélébùú sókè ìwé. Ìyàwó rábì ni màmá Houdini, Júù paraku, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Houdini fẹ́ràn màmá ẹ̀ gan-an, ó ti ń wá bó ṣe máa gbóhùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba àárín àwọn méjèèjì jẹ́.

Ojú Lalákàn:
Ti Sorcar yẹn ò gbè yín o. Àwọn tó pe BBC ò gbà pé ó lágbára, wọ́n gbà pé idán ẹ̀ bàjẹ́, pé jàǹbá ṣẹlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ayùn ni ayùn ń jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fọ̀ sí ti Doyle, ìyẹn le.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì:
Ẹ kú àlàyé o. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí wọ́n dìídì yẹ̀ wò wá. Ní yunifásítì kan ní California, àwọn olùwádìí mú ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ idán wọ kíláàsì, ó ka nǹkan nígbà tí wọ́n di ojú ẹ̀, ó tẹ irin, ó mú kí eérú hàn lójijì nínú àtẹ́lẹwọ́ èèyàn. Wọ́n sọ fún kíláàsì kan pé ó ní agbára àràmàǹdà, wọ́n sọ fún òmíràn kedere pé onídán ni, ẹ̀tàn ló fẹ́ ṣe. Ẹ ṣì rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé onídán ni ló gbà pé ó lágbára. Benassi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, àwọn olùwádìí náà, tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1980. Àwọn mìíràn ti ṣe irú ẹ̀ láyé òde òní, ibi kan náà ló ń forí sọlẹ̀ sí, kí o sọ pé "idán ni" kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ọkàn èèyàn padà.

Ẹ má sì rò pé ìwé kíkà ló ń gbani. James Randi, onídán náà ni, rán ọ̀dọ́kùnrin méjì tó mọ idán lọ sí lábù kan ní Washington University ní St. Louis, níbi tí wọ́n ti fún onímọ̀ físíìsì kan ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là láti ṣèwádìí àwọn tó ń fi ọkàn tẹ ṣíbí. Ó pẹ́ tí àwọn ọmọ náà fi ń tàn wọ́n, kí Randi tó tú u síta lọ́dún 1983. Ohun tó máa ń dùn mí níbẹ̀ nìyí o: Randi ti bá àwọn ọmọ náà ṣàdéhùn pé tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè pé ṣé onídán ni yín, kí wọ́n sọ òtítọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀mùgọ̀ àti ọlọ́gbọ́n. Tí mi ò bá mọ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀, ọkàn mi á wá ohun tó máa fi dí ihò yẹn, èyí tí mo ti nílò tẹ́lẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ mú.

Abẹ́ní:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ó di dandan kí n sọ tèmi.

Mo gbà á gbọ́. Ọdún tí ọkọ mi kú, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ wo ọkùnrin kan tó máa ń dúró lórí ìtàgé tó ń bá àwọn èèyàn sọ ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ òkú wọn, bó ṣe pera ẹ̀ nìyẹn, kò pera ẹ̀ ní onídán. Ó ní òun ń rí ọkùnrin kan, àyà ń dùn ún. Ó ní aago ọwọ́ kan wà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ tí mi ò jù nù. Mo bú sẹ́kún. Aago ọkọ mi wà nínú dúrọ́ọ̀, ó ti dúró láti oṣù kejì tó kú. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sanwó lẹ́ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin.

Ìgbà tó pẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó pé ta ni ò ní aago tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ nílé? Ta ni àyà ò dùn kó tó kú? Ọmọ mi fi fóònù ká ìgbà kẹta sílẹ̀, a tún un gbọ́, ohun tó sọ tí kò bá a mu lé ní ogún, mi ò rántí ẹyọ kan níbẹ̀, aago nìkan ni mo rántí. Èmi ni mo ń bá a ṣe iṣẹ́ náà tí mi ò mọ̀.

Ọwọ́yára, màmá yẹn ò ya òmùgọ̀. Owó ẹyọ tó pòórá ò ṣe èèyàn ní nǹkan kan, kò sẹ́ni tó nílò kó pòórá. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ẹni! Jọ̀ọ́, tó o bá ní nọ́ńbà wọn, pè wọ́n. Sọ fún wọn pé Red Cross ní ẹ̀ka tó ń bá ìdílé wá ẹni tí ogun, àjálù tàbí ìrìn àjò sílẹ̀ òkèèrè ti yà nípa, wọn kì í gbowó. Ìyẹn á ṣe wọ́n láǹfààní ju kí o kàn máa sọ pé o ò lágbára.

Àgbà Ìtàgé:
Abẹ́ní, ẹ kú àfaradà o. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Ọwọ́yára ọmọ mi, mo ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Tó o bá fẹ́ mọ ohun tí èèyàn gbà gbọ́, má bi í léèrè, fetí sí ìbéèrè tí òun máa bi ẹ́ lẹ́yìn eré. Tí mo bá sọ bọ́ọ̀lù di àwátì, wọ́n á bi mí pé, "Níbo lẹ fi pa mọ́ sí?" Ẹni yẹn mọ̀. Tí mo bá sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, wọ́n á ní, "Ta ló kọ́ yín?" tàbí "Ṣé ẹ lè bá mi wo tèmi?" Ẹni yẹn ti gbà. Èrò ìwòran kan náà ni o, alẹ́ ọjọ́ kan náà, láàárín ìdajì wákàtí.

Èyí tó wá gbòde báyìí ni pé wọn ò ní sọ pé ẹ̀mí ló ń bá ẹ ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á ní o mọ saikọ́lọ́jì, o ń ka ojú àti ìmí èèyàn. Lọ́dún 2009 Derren Brown, onídán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ nọ́ńbà lọ́tìrì lórí tẹlifíṣọ̀n, àlàyé tó wá ṣe ni pé èèyàn 24 ló kọ ohun tí wọ́n rò sílẹ̀, tí òun ṣírò ẹ̀ pọ̀. Nọ́ńbà lọ́tìrì kẹ̀! Àlàyé yẹn wà lára eré náà, àwọn èèyàn sì mú un lọ sílé bí ìmọ̀. Èmi náà ti fi irú àlàyé bẹ́ẹ̀ gba ìyìn rí, mi ò ṣe é mọ́.

Ní 1856, ìjọba Faransé rán Robert-Houdin, onídán ilẹ̀ wọn, lọ sí Algeria kó lọ fi idán dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Ó ní àpótí kékeré kan tí ọmọdé lè gbé, tí géńdé ò sì ní lè gbé mọ́ tó bá ti tan iná sí òòfà tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Eré ẹ̀ dẹ́rù bà wọ́n débi pé àwọn kan sá jáde. Lẹ́yìn ẹ̀ ló ní kí àwọn ògbifọ̀ ṣàlàyé fún wọn pé ọgbọ́n ni gbogbo ẹ̀. Ìrìn àjò yẹn ò wù mí, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó mọ̀ pé ẹrù ṣì kù lọ́rùn òun lẹ́yìn tí eré parí.

Ohun tí mo máa ní kó o ṣe ni pé kó o má tún ní kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ràn. Ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹranko, orúkọ ìlú tí wọn ò dé rí, irinṣẹ́. Pàtẹ́wọ́ náà ò ní dín kù.

Ọwọ́yára:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Abẹ́ní, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì.

Mo pe màmá náà láàárọ̀ yìí, mo lọ bá wọn nílé. Mo ṣe ohun tí onídán kì í ṣe, mo fi ọ̀nà tí mo gbà hàn wọ́n, bí mo ṣe rí orúkọ náà kí ápòòwé tó dé ọwọ́ wọn. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe, wọ́n ń wo ọwọ́ mi nìkan lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì rí i. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, "Ojú ẹ lo fi rí i."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Mo bá wọn kọ ọ̀rọ̀ Red Cross yẹn sílẹ̀, a jọ wá fọ́tò tó jọ ọmọ náà jù, èyí tó yà lọ́dún tó rìnrìn àjò. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, wọ́n tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, pé ṣùgbọ́n kí ló mú mi sọ lọ́jọ́ yẹn pé ẹni náà ò sí nítòsí. Mo ní ìrísí ojú wọn ni, mà, mo kàn méfò ni. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà mí gbọ́.