Ṣíṣà ni àbí kíkó? Èsì lórí "aṣàròyìn"

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ìbàdàn ló fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní áàpù tó ń bá ènìyàn kó ìròyìn láti ojúlé oríṣiríṣi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jọ sójú kan, irú Feedly àti Inoreader, "aṣàròyìn" ni ká máa pè é. Ó ní feed tí áàpù náà ń kà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìròyìn tuntun tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ń gbé jáde, "oúnjẹ ìròyìn" ni. Ó tún ní ímeèlì tí Google Alerts máa ń fi ránṣẹ́ síni bí ọ̀rọ̀ tí a ní kó bá wa ṣọ́ bá ti yọjú, "ìkìlọ̀" ni. Ọ̀pọ̀ yín ti yìn ín. Wọ́n dùn létí, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe inú ti àkọ́kọ́ yẹn kò bá iṣẹ́ náà mu rárá, bí a bá sì gbà á wọlé báyìí, yóò nira láti lé e jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ohùn kúrò nílẹ̀, nítorí àbúrò wa kan ti kọ "aṣaròyìn", ẹlòmíràn kọ "aṣáròyìn". Ṣà jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀, ó sì máa ń di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: a ń ṣa ẹ̀wà, a ń ṣa èso. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹ ń rí nínú "aṣàròyìn", ti ìròyìn ni. Fáwẹ́lì rẹ̀ ni ìparójẹ mú lọ, ohùn rẹ̀ dúró. Ohun kan náà ló sọ kọ ìwé di akọ̀wé. Ẹni tó kọ "aṣaròyìn" ti sọ ohùn kan nù sọ́nà, ẹni tó sì kọ "aṣáròyìn" ti yọ àdá sí ìròyìn, torí ṣíṣá nìyẹn.

Ó wá ku ìtumọ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ta ló ń ṣà? Ẹni tó lójú, tó sì mọ ohun tó ń wá. Ìyá tó da ẹ̀wà sórí atẹ ń wò ó ní hóró-hóró. Ó mọ òkúta, ó mọ èyí tí kòkòrò ti jẹ, ó ń sọ wọ́n nù. Ìdí nìyẹn tí ẹni àṣàyàn fi jẹ́ ẹni iyì láàárín wa. Kíkó kò rí bẹ́ẹ̀. A ń kó ẹrù, a ń kó pàǹtí, olè pàápàá ń kó ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ìyàtọ̀ méjèèjì.

Ẹ wá bá mi wo ohun tí áàpù yìí ń ṣe. Ẹ mú ojúlé ìròyìn èyíkéyìí tí wọ́n fi WordPress, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ojúlé, ṣe, ẹ fi /feed/ kún ìdí àdírẹ́sì rẹ̀, kí ẹ sì ṣí i. Bí àwọn tó ni ín kò bá tì í pa, ìlà ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ ó bá níbẹ̀, kò sí àwòrán, kò sí ọ̀ṣọ́. Item kan dúró fún ìròyìn kan. Nínú item yẹn, ẹ ó rí title, àkọlé nìyẹn; ẹ ó rí link, ọ̀nà tó lọ sí ojú ìwé náà; ẹ ó rí pubDate, ọjọ́ àti wákàtí tó jáde. Item mìíràn tún tẹ̀ lé e. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀ tó sọ pé ìròyìn yìí ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Áàpù náà ń padà wá wò ó láti ìgbà dé ìgbà, èyí tí kò bá tíì ní lọ́wọ́, ó kó o. Bí kíkó náà ṣe rí nìyẹn láti 1999 tí iléeṣẹ́ Netscape ti gbé RSS jáde, ìyẹn ìlànà tí a fi ń kọ feed, RSS 2.0 tó dé ní 2002 kò sì yí i padà. Níbo ni ẹ̀gbọ́n wa ti rí ṣà níbẹ̀?

Ẹni tó ń ṣà ni ẹni tó jókòó sídìí áàpù. Òun ló sọ pé kí wọ́n bá òun kó ti ojúlé yìí, kí wọ́n fi tọ̀hún sílẹ̀. Àwọn tó lo Google Reader, irú áàpù yìí kan náà tí Google ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, yóò rántí ìgbà tí wọ́n tì í pa ní oṣù Keje 2013. Kí ni àwọn ènìyàn kó jáde níbẹ̀ lọ sílé tuntun? Fáìlì OPML ni: orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn ojúlé tí kálukú ti fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Ẹ̀rọ ṣubú, àṣàyàn kò bá a ṣubú, nítorí kì í ṣe ti ẹ̀rọ.

Aṣàròyìn tòótọ́ wà, n kò ní kó má sí. News Feed tí Facebook gbé jáde ní 2006, tó ń fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí a ó kọ́kọ́ rí àti ohun tí a kò ní í rí rárá, aṣàròyìn nìyẹn. Bí a bá wá fún áàpù RSS ní orúkọ kan náà, kí ni ọ̀dọ́ tó ń wá ohun tí yóò máa bá a tọpa ìròyìn yóò dì mú? Yóò rò pé ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ kí ìkéde kankan láti ọ̀dọ̀ àjọ ìdánwò fo òun, kíkó ló nílò, gbogbo rẹ̀ pátá, bó ṣe ń jáde tẹ̀ léra. Bó bá gbé e fún aṣàròyìn, aṣàròyìn lè wò ó pé ìkéde yẹn kò ní ariwo tó, kó sì fi í pamọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ṣi ènìyàn lọ́nà. "Akóròyìnjọ" ni tèmi. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kó àti jọ tó wà nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ náà láìkù síbì kan.

Ẹ̀gbọ́n ti sọ pé òun ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Òótọ́ ni, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ni èmi ti ń jẹun, ojú ìwé Yorùbá ló wà níkàáwọ́ mi, akóròyìnjọ yìí sì ni mo ń ṣí kí n tó ṣí ohunkóhun láàárọ̀. Ìròyìn kan náà yóò wà níbẹ̀ láti ojúlé mẹ́rin, àkọlé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìkéde òkú yóò wà láàárín ìròyìn bọ́ọ̀lù. Èyí tí wọ́n ti tún kọ yóò jókòó ti èyí tí wọn kò tíì tún kọ. Láti orí rẹ̀ dé ìdí rẹ̀, ojú mi ló ń ṣà á, ọpọlọ mi ló ń ṣà á. Inú mi kò lè dùn sí kí a bọ́ orúkọ iṣẹ́ olóòtú lára ènìyàn, kí a gbé e wọ áàpù.

Àbúrò wa kan láti Manchester béèrè pé kí la ó wá pe apá tó ń yọ ohun tí a kò fẹ́ kúrò, ó sì dábàá "asẹ́ròyìn", láti ara asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì. Èrò rẹ̀ dára, àmọ́ sẹ́ kan tún wà. Ẹni tó ní òun kò ṣe ohun tó ṣe, ó sẹ́ ni. "Asẹ́ròyìn" yóò di ẹni tó ń sẹ́ ìròyìn, tó ń ní irọ́ ni. Ohùn kò lè yà wọ́n, ohùn òkè ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ kó dúró ní "asẹ́" lásán, kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́.

Níbi asẹ́ yìí gan-an ni àìfàmì-sọ́rọ̀ ti ń jẹ wá níyà. Ẹ ní kó bá yín mú gbogbo "ogun" wá láti ojúlé Yorùbá. Bí ojúlé náà kì í bá fi àmì ohùn sí i, Ìpínlẹ̀ Ògùn yóò wọlé, ogun tí wọ́n ń jà lókè òkun yóò wọlé, Ògún lákáayé yóò wọlé, ogún tí àwọn ọmọ olóògbé ń jà sí yóò tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá sì fi àmì sí i, ìyẹn náà ní tirẹ̀. Ọ tó ní àmì ohùn lórí kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà; lẹ́tà ni, àmì ni, a so wọ́n pọ̀ ni. Ẹnìkan ń fi àmì róbótó kékeré sí abẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ń fi ìlà kékeré olóòró sí i, kọ́ọ̀dù wọn kò papọ̀. Ojú wa yóò rí "Ọ̀yọ́" kan náà, asẹ́ yóò jẹ́ kí ọ̀kan kọjá, yóò dí èkejì. Ó wù mí kí àwọn tó ń fi ojoojúmọ́ bá wa wá ọ̀rọ̀ tuntun fi díẹ̀ nínú agbára yẹn jà fún pé kí gbogbo wa máa tẹ lẹ́tà kan náà.

Ní ti "ìkìlọ̀", kò gba ariwo. Ìkìlọ̀ ń bẹ fún ewu. Ẹni tí Google bá fi ímeèlì sọ fún pé orúkọ ìlú rẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ta á lólobó ni. "Ìtanilólobó" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, ẹ jẹ́ ká lò ó.

"Oúnjẹ ìròyìn" ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ló pe tirẹ̀ ní feed, ohun tí a ń fún ẹran jẹ. Ìyẹn kàn wọ́n, kò kàn wá. Nígbà tí àpótí Rediffusion, rédíò tó ń gba orí wáyà wọlé, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ní Èkó ní 1935, àwọn bàbá wa kò béèrè ohun tí òyìnbó ń pè é kí wọ́n tó lahùn. Wọ́n dúró tì í, wọ́n gbọ́ ọ, ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò gba èsì: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì àti má ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ṣì dúró dòní. Ohun tí mo rí bí mo bá dúró ti feed ni pé ó ń ṣàn, àná lọ, tòní dé. "Ìṣàn ìròyìn" ni mo ń kọ fún un. Bí ẹnìkan bá ní èyí tó jù ú lọ, mo ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe láti inú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá wa ní Abẹ́òkúta ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i pé "ìròhìn" ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ máa kọ, pé bẹ́ẹ̀ ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn Yorùbá tó dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní 1859, pé ìhìn ló wà nínú rẹ̀ bó ti wà nínú ìhìnrere, ìyìn kọ́. Mo kí ìyá o. Ọdún 1867 ni ìwé yẹn wọlẹ̀, nígbà ìfọ́lé tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní Abẹ́òkúta; Yorùbá kò dákẹ́ láti ìgbà náà, ẹnu tó sì ń sọ ọ́ ti sọ "ìròyìn" kárí ayé. Ìhìn lè jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, kò ní kí n má kọ ohun tí mo ń pè. Ìyá ní ọ̀rọ̀ kò lè ṣe báyìí parí, èmi náà gbà pé kò tíì parí. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tó wà láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló wà lẹ́nu àwọn àgbà yín?