Yanrìn funfun tí mo yà di eérú, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Nọ́ọ̀sì Oníkámẹ́rà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. El Paso ní Texas ni mò ń gbé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, kámẹ́rà ni mo fi ń tu ara mi lára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wa mọ́tò lọ sí White Sands ní New Mexico, bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa. Yanrìn ibẹ̀ funfun bí iyọ̀, òkìtì lórí òkìtì, títí ojú ò fi rí òpin rẹ̀. Ẹ lè bọ́ bàtà rìn lórí ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kò ní jó yín lẹ́sẹ̀, torí kì í ṣe irú yanrìn tí a mọ̀ létí òkun. Gypsum ni, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe síìlì POP nílé wa.

Mo ya fọ́tò 212. Ìgbà tí mo délé tí mo ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà, ara mi bù máṣọ. Yanrìn tó funfun báláú lójú mi ti di eérú. Mo gbé e sínú Lightroom, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Mo fa Clarity àti Dehaze kó lè mú dáadáa, mo fa Saturation kí àwọ̀ rẹ̀ lè jinlẹ̀. Ojú ọ̀run wá dúdú bí ẹtù, yanrìn wá dà bí gààrí tí wọn ò jọ̀.

Mẹ́ta ni mo gbé síbí. Èkíní ni òkìtì yanrìn pẹ̀lú òkè San Andres lẹ́yìn. Èkejì ni igi yucca kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ mi ló ń gun òkìtì, tí ipasẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Láàárín aago 11 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni mo ya gbogbo rẹ̀, f/22 (ihò lẹ́ńsì kékeré gan-an), RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe). Ẹ má kẹ́ mi o, ẹ sọ ojú abẹ níkòó.

Bàbá Fọ́tò

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Kámẹ́rà rẹ ò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é ló ṣe rí. Ohunkóhun tó o bá gbé síwájú rẹ̀, ó gbà pé àárín funfun àti dúdú ló wà. Tó bá rí yanrìn funfun lọ rẹrẹ, á ní ìmọ́lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, á wá dín in kù títí á fi di eérú. Ẹni tó bá ti ya ìyàwó nínú gáùn funfun rí ti jẹ ìyà yìí. Ìgbà míì tó o bá lọ, gbé Exposure Compensation, ibi tí a ti ń sọ fún kámẹ́rà pé kó fi ìmọ́lẹ̀ kún un, sí +1 kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì máa wo histogram, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín láti dúdú dé funfun hàn. Jẹ́ kó súnmọ́ ògiri ọwọ́ ọ̀tún, má jẹ̀ẹ́ kó fara gbá a.

Èyí tó ti wà nílẹ̀ ṣì ṣeé tún ṣe, torí RAW lo yà. Dá gbogbo ohun tó o ti fà padà sí òdo ná. Mo ní gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn náà, fa Exposure sókè díẹ̀, ká ní 0.8. Wá di bọ́tìnì Alt mú bó o ṣe ń fa Whites, èyí tó ń tún ibi tó funfun jù ṣe: gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á ṣú dùdù, ibi tó bá kọ́kọ́ tàn ni ibi tí yanrìn ti fẹ́ sọnù. Padà sẹ́yìn díẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kó funfun, ó sì tún yẹ ká rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn fà sára rẹ̀. Ansel Adams àti Fred Archer, àwọn ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, pín ìmọ́lẹ̀ sí ìpele láti òdo dé 10. Funfun tó ṣì ní ìlà lára, bíi ìpele 7 tàbí 8 ló ń jókòó sí. Ìpele 10 ò ní nǹkan kan nínú mọ́, pépà lásán ni.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, ọwọ́ wa àti páálí la fi ń dí ìmọ́lẹ̀ sórí pépà nínú yàrá òkùnkùn. Kò sí Undo. Pépà tó o bá bà jẹ́, owó ẹ̀ ń bọ̀ lọ́rùn ẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀ ń gbádùn.

Ìyá Ìbejì, Phoenix

Aago 11 sí aago 2! Háà, àbúrò mi! Fọ́tò aṣálẹ̀ lo lọ yà, o ò dúró de àṣálẹ́. Àmì ohùn nìkan ló pín àwọn méjèèjì níyà, kò sì yẹ kí ayàwòrán pín wọn níyà rárá. Tí oòrùn bá wà ní àtàrí, òkìtì yanrìn ò ní òjìji, tí kò bá sì ní òjìji, kò ní ojú, kò ní imú. Clarity tó ò ń fà yẹn, òjìji lò ń wá, ibẹ̀ kọ́ ló wà.

Atẹ́gùn ibẹ̀ sábà máa ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí atẹ́gùn máa ń rọra dà gẹẹrẹ, òun ló ní àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kejì máa ń ga ṣánṣán. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ tó ga yẹn á bọ́ sínú òjìji pátápátá, tí góńgó rẹ̀ á wá fa ìlà kan tó mú bí abẹ. Ìlà yẹn ni fọ́tò rẹ. Ṣùgbọ́n wo àkókò tí wọ́n ń ti géètì kó o tó lọ, torí wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọlé lóru. Kó o tún béèrè bóyá wọn ò ní ti ọ̀nà lọ́jọ́ náà, àwọn ológun máa ń dán ohun ìjà wò nítòsí ibẹ̀.

Fọ́tò èkíní: ààbọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ ojú ọ̀run, kò sì sí ìkùukùu kan níbẹ̀. Kí là ń wò? Gé e dànù. Lẹ́ńsì fífẹ̀ tó o lò ti sọ òkè San Andres di èèkù àdá. Mú lẹ́ńsì gígùn dání nígbà míì, 200mm, wàá rí i bí òkè náà ṣe máa wá dúró sẹ́yìn òkìtì.

Àbúrò Kúkúrú

Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Àwọn nǹkan dúdú kéékèèké tí mò ń rí lójú ọ̀run nínú gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣé ẹyẹ ni?

Nọ́ọ̀sì Oníkámẹ́rà

Ẹyẹ kẹ̀? Èmi ò rí ẹyẹ kankan níbẹ̀.

Àbúrò Kúkúrú

Ojú kan náà ni wọ́n wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bọ̀dá. Eruku ló wà lórí sensor yín, ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀. f/22 ló tú u fó, tó bá jẹ́ f/8 ni, ẹ ò bá má rí i. f/22 yẹn náà ló ń jẹ́ kí fọ́tò rọ̀ bí àkàsù tó dùbúlẹ̀ mọ́jú. Ẹ má kọjá f/11. Ẹ fi Heal, irinṣẹ́ inú Lightroom, nu èyí tó wà nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú atẹ́gùn mọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi Remove pa gbogbo ipasẹ̀ yẹn rẹ́. Yanrìn tó mọ́ ló dùn ún wò.

Ìyá Ìbejì, Phoenix

Rárá o! Ta ló wá gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé orí òkìtì, ṣé ó fò ni? Ipasẹ̀ yẹn ló jẹ́ ká mọ bí òkìtì náà ṣe tóbi tó.

Bàbá Fọ́tò

Ti ọ̀rẹ́ rẹ, fi sílẹ̀. Ti àwọn àlejò tó wà ní kọ̀rọ̀ apá òsì nísàlẹ̀, nù ún. Àmọ́ mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ojú òjìji máa ń fi aró díẹ̀ hàn lórí yanrìn funfun, torí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ló ń dé ibẹ̀. O ti fi White Balance, èyí tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, lé gbogbo aró yẹn lọ, ibi tí oòrùn wà wá pọ́n bí epo. Jẹ́ kí ibi tí oòrùn wà funfun, kó o fi òjìji sílẹ̀ bó ṣe rí.

Nọ́ọ̀sì Oníkámẹ́rà

Mo ti tún un ṣe, ẹ wò ó. Bàbá, ẹ ṣé gan-an, yanrìn ti padà di yanrìn. Mo gé ojú ọ̀run kù sí ìdá kan nínú márùn-ún. Ipasẹ̀ ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, mo nu ti àwọn tó kù. Eruku 14 ni mo kà, ojú tì mí.

Mo tún rí àṣìṣe kan tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò lè mọ̀. Ìgbà tí mo bá dé láti iṣẹ́ òru ni mo máa ń tún fọ́tò ṣe, nínú òkùnkùn, tí mo ti gbé ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà dé òkè pátápátá. Lójú tèmi, wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá ṣí wọn lórí fóònù yín, ó ṣú. Mo ti dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù sí ààbọ̀, mo sì tan iná yàrá.

Ìyá Ìbejì, Phoenix

Ìkínní yìí ti ń sọ̀rọ̀. Èkejì ò tíì wọ̀ mí lójú, yucca yẹn wà láàárín gbùngbùn bí ẹni tó fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù.

Bàbá Fọ́tò

Ilẹ̀ ibẹ̀ tún ń yọ̀ lọ sápá òsì. Yí i padà díẹ̀, ìwọ̀n kan péré.

Nọ́ọ̀sì Oníkámẹ́rà

Mo gbọ́. Satidé tó ń bọ̀ mi ò ní iṣẹ́, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni màá wọ ibẹ̀. Lẹ́ńsì gígùn, f/11, +1.

Àbúrò Kúkúrú

Bọ̀dá, ẹ nu sensor kẹ́ ẹ tó lọ o.