Ẹ gbà mí o, ọmọ mi kì í sùn lóru mọ́

Ìyá Aláṣọ: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára mi, ẹ má bínú tó bá gùn. Ọmọbìnrin mi kì í sùn mọ́. Tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ bá kú tán, tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, tí mo bá dìde lọ tọ̀, màá bá a níjòókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fi eyín bó awọ àtàǹpàkò ẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ. Mo ní kí ló dé, á ní "kò sí nǹkan kan, mọ́mì".

Èyí tó ń dùn mí jù ni bàbá ẹ̀. Port Harcourt ló ti ń ṣiṣẹ́, orí fóònù ló ti ń pàṣẹ. Ó ní èmi ni mo kẹ́ ẹ bàjẹ́. Àbúrò ẹ̀ obìnrin tó wá ṣọdún lọ́dọ̀ wa tún lanu sọ pé ọmọ náà lẹ́gbẹ́, ká lọ ṣe sàráà fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Nínú ilé tí mò ń dá san owó ẹ̀ ní Bàrígà yìí! Èmi tí mò ń jí láago mẹ́rin ká lè gun Third Mainland kí mọ́tò tó dì, kí n fi í sílé ìwé, kí n tó lọ ṣí ìsọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Lándílọ́ọ̀dù ti fowó kún owó ilé. Owó lẹ́sìnnì ọmọ yìí nìkan, kí n má parọ́, ó ti ń jẹ owó ọjà mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú bọ́ọ̀sì, a ò tíì sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji, ó ṣàdédé dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní òun ò rí èémí mí, àyà òun fẹ́ já. Ọwọ́ ẹ̀ tutù bí ẹja kòtẹ́ inú fírísà. Èrò ọkọ̀ ń pariwo omi, omi. Ká tó débi tí a ti máa bọ́ọ́lẹ̀, ó ti rọlẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ojú ń ti òun.

Kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ pé kí n gba fóònù ẹ̀ o. Mo ti gbà á.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Fóònù ni. Kò sí nǹkan míì.

Ìyá Aláṣọ: Mo ní mo ti gbà á.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ó ti ní òmíì nìyẹn. Ẹ yẹ abẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀ wò.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Kẹ́hìndé mi ṣe irú ẹ̀ lọ́dún tó fẹ́ kọ WAEC. Gbogbo wa ń gbàdúrà, àṣé ọmọ ń jẹ obì, ó ń mu kọfí, ó tún ń mu énajì díríǹkì alágolo lé e lórí, kó lè kàwé mọ́jú. Ìgbà tí mo gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo rí agolo. Taiwo mọ̀, kò sọ. Mo nà wọ́n pọ̀ ni. Nísinsìnyí Kẹ́hìndé ti wà ní yunifásítì, ó sì ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn náà ti ń di ìjà láàárín wa.

Apoògùn Sùúrùlérè: Òótọ́ nìyá ìbejì sọ. Káfíìnì tó wà nínú obì, kọfí àti énajì díríǹkì, wákàtí bíi márùn-ún lẹ́yìn téèyàn mu ún, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ṣì lè wà lára. Ohun tọ́mọ mu lálẹ́ ṣì lè máa lé oorun lójú ẹ̀ lóru. Ìyá aláṣọ, ṣé ó ń mu èyíkéyìí nínú wọn?

Àńtí Tíṣà: Kì í ṣe kọfí nìkan. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Tí wọ́n bá ti ń bàlágà, ara wọn fúnra ẹ̀ ló ń sún àsìkò oorun síwájú, torí melatonin, èròjà tó ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́, máa ń pẹ́ kó tó jáde lára wọn. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Ẹ wá ń jí i láago mẹ́rin, ó ń ti lẹ́sìnnì dé lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń ké títí di òru. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ìyá. Ìgbà wo ló fẹ́ sùn?

Ìyá Aláṣọ: Àǹtí, ṣé kí n wá jẹ́ kó sùn títí wọ́n á fi ti géètì mọ́ ọn ni? Ilé ìwé tó dáa tí agbára mi ká nìyẹn, ó sì sún mọ́ ìsọ̀ mi. Kì í mu kọfí. A kì í tiẹ̀ rà á.

Ìyá Àdúrà: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà tàn yín jẹ. Ọ̀rọ̀ òru, òru la fi ń yanjú ẹ̀. Ẹ mú un wá sí ìṣọ́ òru wa lọ́jọ́ Jímọ̀, ká jọ bá Ọlọ́run sọ ọ́.

Àńtí Tíṣà: Ẹni tí kò rí oorun sùn, ẹ tún fẹ́ mú un lọ ṣe àìsùn?

Ìyá Àdúrà: Ẹ ò ní fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́ nílé yìí o.

Àńtí Tíṣà: Èmi náà ń gbàdúrà, mà. Mo máa ń sùn lẹ́yìn ẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìjà sílẹ̀. Ìyá aláṣọ, ẹ ò tíì sọ ọjọ́ orí ọmọ fún wa. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn? Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń lo oògùn kankan? Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí kó sọ pé ayé sú òun? Ẹ dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Aláṣọ: Ọdún mẹ́rìndínlógún, SS3. Ó ń jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹyẹ. Ó pẹ́ díẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì yìí ló le jù. Kò sọ pé ayé sú òun. Ọmọ tí mò ń tọ́jú, kí ló máa sú u?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ fo ọ̀rọ̀ oògùn o, mà.

Bàbá Àgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: Ẹ má bínú, mo fẹ́ dá sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe irú àìsùn yìí títí ó fi ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Arò ní Abẹ́òkúta ni bàbá wa gbé e lọ. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀, àwọn aláìsàn ń gbé nínú ilé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, mọ̀lẹ́bí kan á sì wà pẹ̀lú wọn. Ìyá wa ló bá a gbé ibẹ̀, ó ń se ẹ̀bà fún un. Ọkùnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ó sì bímọ. Nígbà yẹn, ilé wa ò fi pamọ́.

Ìyá Aláṣọ: Ẹ ṣeun, bàbá. Ti oògùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ìgbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ní ọjà wa ní òun náà ń lò ó. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ló tà á fún mi, diazepam, hóró kan lálaalẹ́. Ó sì ṣiṣẹ́! Ọmọ ń sùn. Ó lò ó fún oṣù díẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó máa ń di bárakú ni mo kó o dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìgbà wo lẹ kó o dànù?

Ìyá Aláṣọ: Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Apoògùn Sùúrùlérè: Ó ti yé mi. Ìyá mi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Oògùn yẹn kì í ṣe panadó. Tí ara bá ti mọ́ ọn, téèyàn ṣàdédé jáwọ́, oorun á sá pátápátá, àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, nígbà míì ó tiẹ̀ lè fa gìrì. Ó máa ń pẹ́ lára kó tó tán, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí nǹkan kan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kó o dànù. Ẹ má tún lọ rà á fún un o. Dókítà ló máa mọ̀ bóyá kó padà sí i kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, àbí kí wọ́n gba ọ̀nà míì. Tí gìrì bá mú un, tàbí tọ́rọ̀ ẹnu ẹ̀ bá dàrú, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òru ni o, ọ̀sán ni o.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀yin náà lẹ ń tà á!

Apoògùn Sùúrùlérè: Èmi? Láìsí ìwé dókítà? Ẹ má dà mí pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ka hóró oògùn sínú bébà fáwọn èèyàn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyá aláṣọ, kì í ṣe ẹ̀bi la wá wá. Oògùn yìí ló mú un burú sí i, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti wà ńlẹ̀ tí kò jẹ́ kó sùn kẹ́ ẹ tó rà á. Ìyẹn gan-an ni ká wá lọ. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ti Yábà ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní ẹ̀ka wọn tó wà ní Òṣòdì. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà náà láwọn dókítà tó ń rí sí irú ẹ̀.

Ìyá Aláṣọ: Yábà kẹ̀! Ọmọ mi ò ya wèrè o. Tẹ́nì kan bá rí wa ńkọ́? Ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la?

Bàbá Àgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ní ó gba Arò, ìyàwó méjì ló fẹ́, ọmọ mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kò sẹ́ni tó ní ó ya wèrè. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀. Fún àìsùn tó ti pẹ́, ọ̀nà tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà ni kí wọ́n kọ́ ọmọ bó ṣe máa tún àsìkò oorun ẹ̀ ṣe àti bó ṣe máa bá èrò tó ń lé oorun lójú ẹ̀ jà. Ìjayà inú bọ́ọ̀sì yẹn, ó máa ń le jù láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Tó bá tún dé kẹ́ ẹ tó rí dókítà, ẹ jókòó tì í, ẹ ní kó máa mí síta pẹ́ ju bó ṣe ń mí sínú lọ. Lálẹ́ yìí, ẹ bi í gbangba bóyá ó ti ń rò ó láti pa ara ẹ̀ lára. Bíbéèrè kì í gbin èrò yẹn síni lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ lálẹ́ yẹn kan náà. Ẹ kó oògùn gbogbo àti oògùn ẹ̀fọn kúrò níbi tọ́wọ́ ẹ̀ ti lè tó o.

Ìyá Aláṣọ: Mo ti bi í. Ó ní rárá, òun ò rò ó. Ṣùgbọ́n ó sunkún gan-an. Ó ní tí mo bá ti ń ka owó lẹ́sìnnì fún bàbá òun lórí fóònù, òun máa ń gbọ́ láti inú yàrá, ibẹ̀ ni oorun ti ń lọ. Ó ní tóun bá tún fìdí rẹmi nínú JAMB, owó náà ti ṣòfò. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kí n sọ ọ́ fún, tí kì í bá ṣe bàbá ẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ máa fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí i.

Ìyá Àdúrà: A ó máa gbàdúrà sí i. Ẹ lọ o, mo fọwọ́ sí i.

Ìyá Aláṣọ: Òṣòdì la máa lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bàbá ẹ̀ ní òun á fowó ránṣẹ́, ẹ bá mi fojú sọ́nà. Ṣé mo nílò lẹ́tà? Báwo ni mo ṣe máa wọkọ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Tẹ́ ẹ bá lè rí lẹ́tà gbà nílé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, ẹ mú un dání. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà sílẹ̀, iye tó ń lò lálẹ́ kan àti ọjọ́ tẹ́ ẹ dá a dúró. Ẹ wọkọ̀ dé Anthony, kẹ́ ẹ wọ ti Òṣòdì níbẹ̀. Ẹ tètè jáde, èrò máa ń pọ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ má mú fóònù dání fún un o.