"Ìyípo omi" tàbí "bíbọ́ asẹ́"?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Bùrọ̀dá wa láti Ṣàgámù ní kí á máa pe iṣẹ́ tí bakitéríà ń ṣe nínú asẹ́ tánkì ẹja onígíláàsì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ìdọ̀tí omi, ní "ìyípo omi". Bí wọ́n bá kó ẹja kúrò fúngbà díẹ̀, kí á ní à ń "ṣọ́ ìyípo". Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ sọ "ìyípo omi" fún ẹni tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, pọ́ǹpù ló máa wá sí i lọ́kàn. Á tan pọ́ǹpù sílẹ̀, á gba Èkó lọ. Ebi ni yóò pa àwọn bakitéríà tó fi sílẹ̀.

Kò kúkú sí ohun tó ń yí po níbẹ̀. Ẹja ń tú amóníà, ìdọ̀tí olóró láti ara wọn, sómi. Nitrosomonas àti àwọn bakitéríà tó jọ ọ́ ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tó ṣì lóró. Òmíràn á sọ ìyẹn di náítíréètì, tí oró rẹ̀ kéré. (Nitrobacter ni wọ́n máa ń dárúkọ fún ìkejì yìí, àfìgbà tí ìwádìí ọdún 1998 fi hàn pé Nitrospira ló wà nídìí ẹ̀ nínú tánkì omi aláìníyọ̀.) Náítíréètì yẹn kì í padà di amóníà fúnra rẹ̀ nínú asẹ́. Àwa la máa gbọ́n ọn dà nù.

Ẹ fọwọ́ kan fóòmù asẹ́ tó ti pẹ́: ó ti pọ́n, yíyọ̀ ló ń yọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn bakitéríà yìí lẹ̀ mọ́, wọn ò pọ̀ nínú omi. Ẹni tó bá fi omi ẹ̀rọ tó ní kiloríìnì fọ̀ ọ́ ti pa wọ́n.

Nítorí náà, "bíbọ́ asẹ́" ni mo mú wá. Bí ẹja ò bá sí níbẹ̀, ohun tí a ó fi bọ́ ọ ni oúnjẹ ẹja fún pọ́ lójoojúmọ́, kó jẹrà síbẹ̀, tàbí amóníà tí kò ju míligíráàmù 2 lọ nínú lítà kan. Àǹtí wa láti Ìkẹ́nnẹ́ ní ó ń dún bí ẹni ń bọ òrìṣà, pé kí ṣọ́ọ̀ṣì òun má gbọ́. Àmì ohùn ló là wọ́n, mà: à ń bọ Ògún, à ń bọ́ ọmọ.

Ẹni tó ní bí asẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí á sọ pé omi "ti kan", bíi ti gààrí Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí. Òótọ́ sì wà nínú ẹ̀, torí iṣẹ́ àwọn bakitéríà yìí ń mú omi kan díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kan jù, ọwọ́ wọn á falẹ̀. A ò lè fi orúkọ àìsàn pe ìlera. "Asẹ́ wà láàyè", "asẹ́ ti kú": ìyẹn tó mi.

Ibi tí "bíbọ́" ò dé ni ìgbà tí iná bá lọ. Omi á dúró sójú kan nínú asẹ́, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tán, àwọn bakitéríà á sì kú tòun ti oúnjẹ lẹ́nu. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kan fún ìyẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn ni pé bí kì í bá ṣe oògùn ni wọ́n fẹ́ lò fún ẹja, kí wọ́n kúkú yọ fóòmù náà, kí wọ́n gbé e sínú bàfù tí wọ́n kó ẹja sí fúngbà díẹ̀.