Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọn ṣe ẹgbẹ́ agbógunti-oògùn-olóró nílé ìwé, ẹ wá sọ tiyín

Àdùkẹ́: Ẹ káalẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ti wọ Drug Free Club tí NDLEA máa ń dá sílẹ̀ láwọn ilé ìwé. Wọ́n ní kó lọ bá àwọn JSS1 sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Látàná ló ti ń wàásù fún fíríìjì. Ta ló ti ṣe é rí?

ỌmọMọ́kọ́lá: Mo ṣe é n'Íbàdàn, SS2 lèmi náà wà. Tíṣà kọ gbogbo ẹ̀ sínú pépà fún wa, gẹ̀ẹ́sì ńláńlá. Bí mo ṣe kà á dé ibi ọtí báyìí, ọmọ kékeré kan nawọ́. "Bọ̀dá, ṣé ọtí ni paraga náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní màmá òun ń tà á ní gáréèjì, pé òun lòun máa ń dà á fáwọn awakọ̀ kóun tó wá sílé ìwé. Ó wá fọwọ́ ṣe é fún wa: ó tẹ ìgò tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò dí i lẹ́nu kí èèpo igi má bàa bọ́ sínú kọ́ọ̀bù. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo kàn ṣí pépà sójú ewé kejì.

Ṣẹ́nkẹ́nmi: Yéèpà.

ÌyáÌbejì: Ẹ má fi màmá ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ta paraga, òun ló san owó WAEC àwọn ọmọ mi méjèèjì. Àgbo ni. Jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, ẹ̀yìn dídùn.

DókítàÀdúgbò: Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ? Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́.

ÌyáÌbejì: Mo ní tolómi, mo ní tọlọ́tí. Èyí téèyàn bá fẹ́ ni mò ń tà fún un.

DókítàÀdúgbò: Ta ló ra tolómi rí?

TíṣàFẹ̀yìntì: Paraga ṣì ń rùn, èèyàn á mọ̀. Ọtí inú ọ̀rá lẹ jẹ́ ká sọ. Mo bá mẹ́ta nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ JSS3 kan. Ní 2024, NAFDAC ní òun ò fẹ́ rí i mọ́, àwọn tó ń ṣe é pariwo, ìjọba tún sún ọjọ́ síwájú. Sìgá ńkọ́? Òfin 2015 ní ẹ ò gbọ́dọ̀ tà á lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ tà á fọ́mọ tí ò tíì pé 18. Ẹ rìn dé ìdí igbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín kẹ́ ẹ wò ó.

Tòmáàsì: Ṣé kí n sọ òótọ́? Lẹ́nu àwọn sínọ̀ tó wá kìlọ̀ fún wa ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ "omi gọ́tà", àdàlù oògùn olóró táwọn ọ̀dọ́ ń mu. Wọ́n to gbogbo ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni ń ka èlò ọbẹ̀. Ká tó jáde, ẹnì kan ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Ṣẹ́nkẹ́nmi: Ìwọ lẹnì kan yẹn.

Tòmáàsì: Ìwé mi ni. Ọwọ́ mi kọ́.

BísíṢàgámù: Ìdí nìyẹn táwọn tiwa ò fi dárúkọ nǹkan kan. Eré ni wọ́n ṣe. Sínọ̀ kan á na sìgá sí ẹ, ìwọ á wá èsì fún un. Wọ́n ní ká má sọ pé "kò dáa", torí wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín. Èyí tí mo mú ni: "Bàbá mi máa ń gbóòórùn ẹnu mi kí n tó wọlé." Mo lò ó títí mo fi jáde yunifásítì. Ọdún kejì ni mo wà níbẹ̀ tí bàbá mi ti kú.

Àdùkẹ́: Ọmọ mi ti kọ ìyẹn sílẹ̀. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

DókítàÀdúgbò: Tiwa kẹ̀? Ẹ̀yìn ṣalángá ni wọ́n ti ká ààrẹ ẹgbẹ́ mọ́ ìdí sìgá. Báàjì ẹgbẹ́ ṣì wà láyà ẹ̀.

ÌyáÌbejì: ỌmọMọ́kọ́lá, gáréèjì wo lọmọ yẹn dárúkọ?

ỌmọMọ́kọ́lá: Ìwó Road, mà.

ÌyáÌbejì: Hẹn-ẹ́n. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ lèmi ń jókòó sí.

Ṣẹ́nkẹ́nmi: Ọkàn ìyá ti balẹ̀ 😂