Máàkì fún ẹni tó bá ta káàdì: ṣé ó tọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tíṣà ìṣirò ní ẹni tó bá ta káàdì ìkówójọ iléèwé tán yóò gba máàkì 5 kún ìdánwò. Káàdì Táyé nìkan ni bàbá wọn rántí gbé lọ síbi iṣẹ́, ó sì tà á tán. Ti Kẹ́hìndé wà nílé, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ ìṣirò jù. Ṣé kí n dákẹ́ ni?

Tíṣà Àgbà: Ẹ má dákẹ́, mà. Máàkì ló ń sọ ibi tó kù sí fún ọmọ. Tí owó bá wọ inú rẹ̀, tíṣà kíláàsì tó kàn kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2009, iléèwé kan ní Goldsboro, North Carolina, fẹ́ fún ọmọ ní máàkì 20 tí òbí bá san $20. Ìròyìn jáde, àwọn aláṣẹ wọ́gi lé e.

Àkànní: Iléèwé nílò owó o, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kí wọ́n fún àwọn tó tà á ní ìwé tàbí bírò. Máàkì ni mi ò fara mọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé. Bàbá wọn ní kí n má dá ìjà sílẹ̀ (òun tó gbàgbé káàdì!). Màá lọ bi ọ̀gá iléèwé lọ́la bóyá ó mọ̀ sí i.